Ìbàdàn Lórí Omi

Ní òwúrọ̀, ohùn àwọn agbèrò ni ó máa ń jí mi ní Mowe: "Ìbàdàn! Ó ku ẹnì kan, Ìbàdàn!" Ọkọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń pe èrò sí. Nítorí náà, ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á nínú ìtàn ogun abẹ́lé wa pé ọkọ̀ ogun ojú omi kan ti jẹ́ Ìbàdàn rí, àti pé ó rì. Ìbàdàn tí a mọ̀ fi ohun tí ó lé ní 120 kìlómítà jìnnà sí Èkó. Orí ilẹ̀ ni ó ti ja ogun Jálumi ní 1878 àti ogun Kírìjì. Omi tí ó yọ ọ́ lẹ́nu jù lọ ni Ògùnpa, tí ó ya wọ ilé onílé ní 1980.

Ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń fi orúkọ ìlú sọ ọkọ̀ ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tí a rò kọ́ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí nígbà mìíràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ kan tí ó ń jẹ́ HMS Lagos, tí wọ́n sọ̀ sómi ní 1944. Ará Èkó tí ó bá gbọ́ lè máa yan. Ṣùgbọ́n ogun tí wọ́n bá àwọn Faransé jà ní 1759, nítòsí Lagos ti ilẹ̀ Potogí, ni wọ́n fi ń rántí. Ìbọn àgbá ọkọ̀ wọn ni Èkó tiwa rí gbà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1851.

Ọdún 1956 ni Nàìjíríà dá ọmọ-ogun ojú omi tirẹ̀ sílẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣọ́ etíkun, tí gígùn wọn kò ju bíi mítà 36 lọ, a rí Kaduna, Ibadan, Enugu àti Benin: olú-ìlú ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú tèmi, ìṣọ̀kan ni ẹni tí ó yan àwọn orúkọ wọ̀nyí ń wá. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1967. Ọwọ́ Bìáfírà ni Ibadan bọ́ sí. Wọ́n yọ NNS kúrò níwájú orúkọ rẹ̀, wọ́n fi BNS rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Ibadan ni wọ́n ṣì ń pè é. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti dà. Enugu, tí ó ń jẹ́ orúkọ olú-ìlú Bìáfírà gan-an, wà lọ́dọ̀ Ìjọba Àpapọ̀. Ogoja, orúkọ ìlú ìhà Ìlà-Oòrùn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibadan ni ó ń ṣọ́ Bonny fún Bìáfírà.

Ní òru ọjọ́ 25 mọ́jú ọjọ́ 26 oṣù náà, ọ̀wọ́ ọkọ̀ Ìjọba Àpapọ̀ wọ Bonny, ibi tí a ti ń gbé epo rọ̀bì sọ́kọ̀. Nelson Soroh ni ọ̀gá nínú NNS Nigeria. Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó kó àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ lẹ́yìn. Enugu àti Ogoja wà nínú ọ̀wọ́ náà. Níbi ìjà yẹn ni Ibadan rì sí.

Mo gbìyànjú láti sọ ìtàn yìí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí lẹ́yìn ogun. Àárín gbólóhùn ni ó ti dá mi dúró: "Bàbá, ta ni ó ń bá ta jà?" Mo tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo pa orúkọ ọkọ̀ tì, mo ń sọ pé tibí, tọ̀hún. Ó wá yé e dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn náà ti bọ́ sọnù. Kí ogun tó dé, ọmọ-ogun kan náà ni àwọn atukọ̀ wọ̀nyí, àsíá kan náà ni wọ́n ń kí.

Nígbà tí ó yá, wọ́n ra ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ó rì. Bí ó bá ṣe ilé Yorùbá ni, Málọmọ́ tàbí Dúrójayé ni à bá sọ ọ́. Ibadan náà ni wọ́n tún pè é.