Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọjà: Ta Ló Fún Ta Lọ́rùn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́?

 

Ní 2021, Davido sọ pé "e choke", kò sì pẹ́ tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì fi gbé e. Bàtà tuntun, e choke. Máàkì tó dáa, e choke. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé ọ̀fun ẹni dí wá di ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ẹni tó bá sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré nílé mọ choke mìíràn, ọ̀pá kékeré tí a máa ń fà kí ẹ̀rọ tó dáhùn. Ó ń dín atẹ́gùn tó ń wọlé kù kí ìwọ̀n epo tó bá a wọlé lè pọ̀ sí i. A fún ẹ̀rọ lọ́rùn díẹ̀, ó jí.

Mo mọ̀ pé eré ni. Iṣẹ́ àṣetiléwá ló mú mi débẹ̀. Wọ́n ní ká kọ àròkọ lórí bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀nà ọjà nílẹ̀ Yorùbá láàárín 1850 sí 1892. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn Ìjẹ̀bú "strangled" òwò Èkó. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ó jọ ti ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí mo délé ní Ìkòròdú, ìyá bàbá mi ní kí n sọ ohun tí mo kọ fún àwọn. Mo ní, "Ìyá, àwọn Ìjẹ̀bú ló fún òwò Èkó lọ́rùn." Ẹja ni wọ́n ń họ ìpẹ́ rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọrùn ta ni wọ́n fún? Ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀?"

Mo padà sídìí àwọn ọ̀rọ̀ náà. Strangle wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó jẹ mọ́ okùn tí a ń so mọ́ ọrùn. Suffocate, Látìnì ni, ọ̀fun ló wà nínú rẹ̀. Throttle náà, ara throat ni wọ́n ti bù ú. Smother, èéfín tó ki ni wọ́n ń fi í pè tẹ́lẹ̀. Oníkálukú ní ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa tó ń kọ àròkọ, gbogbo wọn ti di ọ̀kan náà. Èyí tó bá wá sọ́kàn la máa ń mú.

Yorùbá kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí egungun ẹja bá dúró lọ́fun, ó há. Bí omi bá gba ọ̀nà òdì, ó pá ni lórí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí okùn, fífún ni. Bí èémí ò bá lọ, tí kò bọ̀, ó sé. Ẹni tó bá sì pa ẹnu ara rẹ̀ dé, tí kò gbà kí wọ́n fi nǹkan sí i, a ò ní sọ pé nǹkan kan há a. Ó kọ̀ ni. Ó tún ní èyí tó wù mí jù: ọ̀nà la ń pe ọ̀fun. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nítorí náà, ẹni tó bá pe ọ̀nà ọjà ní ọ̀fun ìlú kò sọ àsọdùn. Kó ṣáà ti sọ ohun tó ṣe ọ̀fun náà.

Ẹ wo Ìkòròdú. Ìlú Rẹ́mọ ni, etí ọ̀sà ló wà. Ọjà tó bá wọ ọkọ̀ láti Èkó máa gúnlẹ̀ níbẹ̀ kó tó gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá sí Ìbàdàn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà wà níbẹ̀. Ìbàdàn nílò ìbọn àti ẹ̀tù láti etíkun, ohun tí wọ́n sì rò ni pé kí ọ̀nà di títì. Ìjàyè fúnra rẹ̀ fọ́ ní 1862, lẹ́yìn tí ebi ti pa wọ́n nínú odi. Ṣùgbọ́n Ìkòròdú àti àwọn ìlú Rẹ́mọ kan ti fi ti Ìbàdàn ṣe, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀gbá ò gbàgbé. Ní 1865 wọ́n kógun wá, wọ́n sàga ti Ìkòròdú. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán àwọn sójà láti ẹgbẹ́ ọmọ ogun West India àtàwọn Háúsá rẹ̀ lọ, nígbà tí oṣù Kẹta sì fẹ́ parí, wọ́n tú àgọ́ Ẹ̀gbá ká.

Ìyá ò ní bá mi jà lórí èyí. Ọrùn wà, ọwọ́ wà, gbogbo èèyàn sì mọ ẹni tó ni ọwọ́. Fífún ni. Àmọ́ ọwọ́ tó já ọwọ́ Ẹ̀gbá kúrò ò padà sínú àpò. Ní oṣù Kẹwàá 1867, inú ti bí Ẹ̀gbá sí ìjọba Èkó débi pé wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé.

Ẹ̀pẹ́ ló wá fọ́ mi lójú. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè, Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Oṣòdì Tápà wà lára wọn. Wọ́n ti gba ọ̀fun Èkó lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá la òmíràn. Ní oṣù Kẹjọ 1853 wọ́n padà wá kọlu Èkó, kò bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Kòsọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì: kò ní í wá Èkó mọ́, kò ní í ta ẹrú mọ́, wọ́n á sì gbà pé òun ló ni èbúté Pálmà àti Lẹ́kkí. Ó padà sí Èkó ní 1862. Àwọn tó kù ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Ibi tí àwọn tó bá a padà tẹ̀dó sí l'Ékòó la mọ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. (Ibẹ̀ náà ni Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní 1994.)

Ó kù sí 1892, tí àròkọ mi dá lé. Àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ wọn kọjá. Ẹ kó ọjà yín dé ọjà wa, ẹ tà á fún wa, àwa la máa gbé e lọ. Ó lérè fún wọn, ó sì tún ń dáàbò bò wọ́n, nítorí wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èkó. Ní oṣù Kìíní 1892, Gómìnà Carter gbà láti máa san £500 lọ́dún fún wọn kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Àdéhùn náà ò tọ́jọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìbọn Maxim, wọ́n bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Èèyàn tó kú lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú pọ̀.

Ta ló wá fún ta lọ́rùn? Ẹnu ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ìjẹ̀bú pa dé. Kò sí ọwọ́ wọn lọ́rùn Èkó. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ wọn wà níbẹ̀, ẹni tó wá fi ìbọn já a kúrò á dà bí olùgbàlà, mo sì fẹ́ fi pẹ́ẹ̀nì tèmi ràn án lọ́wọ́.

Mi ò ní purọ́ ṣá, ọ̀rọ̀ náà ò mọ́ tán. Ìbàdàn tó jókòó lókè, tó ń ra iyọ̀ àti ìbọn ní iye tó bá wu Ìjẹ̀bú, á ní èémí òun sé, kò sì ní parọ́. Bí mo ṣe sọ èyí fún Ìyá, wọ́n ní, "Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Kọ ọ́ sí i."

Mo pa "strangled" rẹ́, mo fi "refused" rọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Refused whom?" Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa dá a padà. Mo ti kọ Èkó sílẹ̀, mo ti kọ Carter, mo sì tún ń wo Ìbàdàn.