Kòkòrò Tó Ń Jẹ Igi, Ara Igi Ló Wà: Ìtàn Bí Igbó Páìnì British Columbia Ṣe Kú

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí dá lórí kòkòrò kan tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, kòkòrò yìí jà káàkiri igbó páìnì ìpínlẹ̀ British Columbia, ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà, lórí ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 18 hẹ́kítà. Bí ẹ bá kó ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà pọ̀, ilẹ̀ tí mò ń sọ yìí ju ìlọ́po méjì wọn lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù, ní nǹkan bí 2004 sí 2005, ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ òfuurufú lókè àárín ìpínlẹ̀ náà yóò rí igbó tó pọ́n láti orí òkè kan dé òmíràn. Ewé páìnì kì í pọ́n bí igi bá wà láàyè. Tútù ló máa ń wà nígbà òtútù àti nígbà ooru. Páìnì tí ewé rẹ̀ bá pọ́n, ó ti kú.

Ta ló pa igbó náà? Ìdáhùn tó yá ni pé kòkòrò ni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kì í dúró síbi ìdáhùn tó yá. Kòkòrò yìí kì í ṣe àjèjì tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá. Inú igbó yẹn ló ti wà láti ayébáyé. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ àsìkò yìí gan-an ló ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Èrò mi ni pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ń se oúnjẹ sílẹ̀ dè é fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ kòkòrò náà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Dendroctonus ponderosae. A. D. Hopkins, ará Amẹ́ríkà kan tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìmọ̀ kòkòrò inú igbó di iṣẹ́ ìjọba lọ́hùn-ún, ló fún un lórúkọ ní 1902, lẹ́yìn tó lọ wo bó ṣe ń pa páìnì ní Black Hills, ní ìpínlẹ̀ South Dakota. Èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ yẹn, ohun tó sì túmọ̀ sí ni "apa-igi".

Ìgbà ooru, ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, ni wọ́n ń fò. Abo ló máa ń ṣíwájú. Yóò gbẹ́ èèpo igi wọlé, bó sì ṣe ń gbẹ́ ẹ ni yóò máa tú òórùn kan jáde tó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Igi náà kò ní káwọ́ gbera. Yóò da oje lù wọ́n, oje náà á sì tì wọ́n jáde tàbí kó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá tàbí ogún, igi tó lágbára á ṣẹ́gun. Bí wọ́n bá dé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, oje á tán. Wọ́n tún máa ń gbé fúńgọ́ọ̀sì dání ní ẹnu, ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Fúńgọ́ọ̀sì yìí á dí ọ̀nà tí omi ń gbà gun igi, á sì sọ inú igi di aláwọ̀ búlúù. Abo á yé ẹyin sábẹ́ èèpo, ìdin á sì máa jẹ awọ tútù tó wà níbẹ̀ yí igi po.

Ohun tó mú iṣẹ́ àwọn olùṣọ́ igbó nira ni pé igi náà ti kú kí ojú tó rí i. Ewé rẹ̀ ṣì tutù ní ọdún tí wọ́n kọlù ú; ọdún kejì ló tó ń pọ́n, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sí i ni ewé á wọ́ tán tí igi á di aláwọ̀ eérú. Nígbà tí ènìyàn bá fi máa rí igi tó pọ́n, àwọn ọmọ kòkòrò ti fò lọ sára igi mìíràn.

Síbẹ̀, ó pẹ́ tí páìnì àti kòkòrò yìí ti jọ ń gbé, tí ọ̀kan kò sì pa ìkejì run. Ohun méjì ló ń dá kòkòrò lẹ́kun. Èkíní ni ọjọ́ orí igi. Páìnì tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní lodgepole, nítorí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti Àríwá máa ń fi ṣe òpó àgọ́. Iná ló ń bí i. Oje ló dí ẹnu púpọ̀ nínú èso rẹ̀ pinpin, ó sì di ìgbà tí ooru iná bá yọ́ oje náà kí irúgbìn tó jáde. Nítorí náà, igbó àtijọ́ dà bí aṣọ alálẹ̀mọ́: ibí jẹ́ ọmọdé igi, ọ̀hún jẹ́ àgbà, ibòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ jóná, ibòmíràn sì jẹ́ irú igi mìíràn pátápátá. Èèpo ọmọdé igi fẹ́lẹ́, kò sí oúnjẹ gidi níbẹ̀. Igi tó ti lé ní 80 ọdún ni kòkòrò yìí ń wá. Bó bá jẹ abala kan tán tó kan ọmọdé igi, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀.

Ohun kejì ni òtútù. Abẹ́ èèpo ni ìdin ti ń lo ìgbà òtútù, ara wọn a sì máa pèsè ohun kan tí kì í jẹ́ kí omi inú wọn dì. Kí òtútù tó lè pa wọ́n láàárín ìgbà òtútù, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ -40°C. Ṣùgbọ́n bí òtútù líle bá ká wọn mọ́ ní oṣù Kẹwàá tàbí oṣù Kọkànlá, kí ara wọn tó múra tán, kò ní láti le tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọmọ ènìyàn ti wọ inú ìtàn náà nìyí. Kí àwọn òyìnbó tó gba ilẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ bíi Tŝilhqot'in àti Secwépemc máa ń dìídì fi iná sun apá kan nínú igbó, kí koríko lè hù fún ẹran, kí èso ìgbẹ́ lè pọ̀. Ní 1874, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin lórí iná igbó, iná àwọn baba ńlá wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1912, wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó igbó sílẹ̀, pípa iná sì wà lára olórí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú àti katakata mú kí iṣẹ́ iná pípa já fáfá sí i.

Wọn kò ṣe é pẹ̀lú èrò ibi. Gẹdú ni owó ìpínlẹ̀ yẹn. Ta ni yóò jókòó máa wo owó rẹ̀ kó jóná? Ṣùgbọ́n igi tí iná kò jó, tí ayùn kò sì gé, ń dàgbà ni. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún yóò fi parí, páìnì àgbà tí kòkòrò yìí fẹ́ràn ti ju ìlọ́po mẹ́ta iye tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Aṣọ alálẹ̀mọ́ ti di aṣọ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà sì ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Ìkìlọ̀ wá ṣáájú. Láti àwọn ọdún 1970 títí di 1985, kòkòrò náà jà ní ilẹ̀ olókè pẹrẹsẹ Chilcotin. Òtútù líle tó tètè dé ní 1984, tó tún padà wá ní 1985, ló pa á rọ. Ìṣòro tó wà nínú ìgbàlà bẹ́ẹ̀ ni pé igi àgbà tó kù nínú igbó kò dín kù nítorí rẹ̀. Òtútù kàn ti ìlẹ̀kùn ni, ohun tó wà nínú ilé ṣì wà níbẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1990, òtútù tó ń ti ìlẹ̀kùn kò wá mọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n rí i pé kòkòrò ń pọ̀ ní ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní Tweedsmuir. Òfin kò fàyè gba gígé gẹdú nínú ọgbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nǹkan wá bàjẹ́ tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọgbà yìí ni wọ́n nawọ́ ẹ̀bi sí: ká ní wọ́n tètè gé e tàbí sun ún ni, kì bá tí tàn.

Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, nítorí ó fún wa ní ọ̀daràn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ to àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe láti inú ọkọ̀ òfuurufú lọ́dọọdún jọ, wọ́n rí i pé ibi púpọ̀ tó jìnnà síra ni kòkòrò ti gbérí láàárín àsìkò kan náà. Bí iná bá sọ ní ilé kan tó sì ràn dé ilé kejì, a lè bi onílé àkọ́kọ́ léèrè. Bí ó bá sọ ní ilé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ ní ló yẹ ká wá. Ohun tí wọ́n jọ ní níbí ni igi arúgbó tó pọ̀ jù àti ìgbà òtútù tí kò le mọ́. Tweedsmuir ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò dá a jẹ.

Ní àárín àwọn ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ìjọba ń sọ tẹ́lẹ̀ pé tí yóò bá fi di 2013, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún páìnì tó ṣeé là ní ìpínlẹ̀ náà yóò ti kú. Kò burú tó bẹ́ẹ̀: díẹ̀ lé ní ìdajì ló kú. Ọ̀kan lára ohun tó dín in kù ni pé nígbà tí kòkòrò dé ibi tí páìnì ti dàpọ̀ mọ́ oríṣi igi mìíràn, ìrìn rẹ̀ falẹ̀. Èyí gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi. Kòkòrò kan náà ni, ọdún kan náà, ṣùgbọ́n igbó tí kò fi gbogbo ara rẹ̀ ṣe irú igi kan kò kú bíi ti èkejì.

Àwọn ìlú tó gbára lé páìnì kò bọ́ nínú rẹ̀. Igi tó kú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá gbẹ jù, á là. Ìjọba gbé iye igi tí wọ́n lè gé sókè kí wọ́n lè yára kó èyí tó ṣì wúlò. Ní agbègbè Quesnel, láàárín 2001 sí 2004, iye yìí lọ sókè kọjá ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀, owó wọlé. Pákó aláwọ̀ búlúù rí orúkọ tuntun lọ́jà, wọ́n ń pè é ní denim pine. Wọ́n fi igi tí kòkòrò pa ṣe àjà gbọ̀ngàn Richmond, níbi tí wọ́n ti sáré lórí omi dídì ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù 2010.

Ṣùgbọ́n ọjà àdàtán ni. Ní oṣù Kìíní 2012, ilé ìlagi kan bú gbàmù ní Burns Lake. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, òmíràn bú ní Prince George. Òṣìṣẹ́ méjì méjì ló kú níbi kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ sì farapa. Ìwádìí fi hàn pé eruku igi tó kóra jọ ni iná mú. Igi tí kòkòrò pa gbẹ ju igi tútù lọ, eruku rẹ̀ sì tètè ń gbaná. Ní 2014, ilé ìlagi kan kógbá sílé ní Quesnel, òmíràn ní Houston, nítorí igi tó kù kò tó wọn pín mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ìlú wọ̀nyẹn pẹ̀lú. Igi tó wà láàyè ń fa afẹ́fẹ́ kábọ̀n sínú; igi tó ń jẹrà ń tú u jáde. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní 2008 ṣírò pé láàárín 2000 sí 2020, ọṣẹ́ kòkòrò yìí yóò tú nǹkan bí mílíọ̀nù 270 tọ́ọ̀nù kábọ̀n sínú afẹ́fẹ́. Kábọ̀n bẹ́ẹ̀ ń dá kún ooru ayé, ooru yìí ló sì ń dín òtútù tó yẹ kó pa ìdin kù.

Ní ìgbà ooru 2006, afẹ́fẹ́ gbé agbo ńlá kòkòrò kọjá lórí Òkè Rocky wọ ìpínlẹ̀ Alberta. Ní 2011, àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti wọ ara irú páìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní jack pine, èyí tó tàn láti Alberta lọ dé etíkun ìlà-oòrùn Kánádà. Òtútù líle oṣù Kejì 2019 àti iṣẹ́ àwọn tó ń gé igi tó lárùn dín in kù gan-an ní Alberta. Òtútù tún ti ìlẹ̀kùn, bíi ti 1985.

Ní British Columbia, wọ́n ti gbin igi padà síbi púpọ̀ tí wọ́n gé. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀, páìnì náà ni wọ́n tún gbìn, nítorí ó yára dàgbà, ó sì rọrùn láti gbìn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àti díẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí iná kéékèèké padà sínú igbó, kí wọ́n sì da oríṣi igi pọ̀. Páìnì tí wọ́n gbìn ní 2005 yóò pé 80 ọdún ní 2085. Kò ní pa kòkòrò lára láti dúró dè é, torí inú igbó náà ló ń gbé. Àwọn tó ń yan irú igi tí wọ́n ń gbìn lónìí ló ń kọ orí tó kàn nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò ní sí láyé láti kà á.