Owó Tí A Fi Dógò fún Ìgò



Ta ni nínú wa tí a kò tíì rán níṣẹ́ mínírà rí? Àlejò dé, ìyá fún ọmọ lówó pé kí ó sáré lọ ra mínírà oníìgò wá. Ohun àkọ́kọ́ tí oníṣọ́ọ̀bù yóò bi ọmọ náà ni pé, "Kòròfo rẹ dà?" Bí ọmọ kò bá mú kòròfo lọ́wọ́, àfi kí ó fi owó dógò. Ìgbà tí ó bá dá ìgò padà ni yóò tó gba owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé tọmọdé tàgbà: ohun tí ó wà nínú ìgò ni a rà, a kò ra ìgò. A yá ìgò lò ni.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìtàn fún yín lálẹ́ òní, nítorí pé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó di ọ̀rọ̀ ńlá tí àwọn aṣòfin jiyàn lé lórí, tí àwọn oníṣòwò gbé lọ sí kóòtù, tí àwọn ará ìlú sì dìbò lé lórí. Ó ti ju 70 ọdún lọ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iyàn náà, kò sì tíì tán.

Bí a ti ń ṣe nílé wa níhìn-ín gan-an ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà látijọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ń pọn bíà àti èyí tí ń ṣe mínírà a máa gba owó ìdógò lórí ìgò. Wọn a gba ìgò náà padà, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì tún rọ ohun mímu sínú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìmọ́tótó ìlú ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgò wọn ni, kò sì sí oníṣòwò tí ó fẹ́ kí dúkìá rẹ̀ ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ ta bíà nínú agolo. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, agolo àti ìgò àmujùnù, èyí tí a ó mu tán tí a ó sì sọ nù, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìgboro. Ó rọrùn fún ẹni tí ń ṣe é, nítorí kò ní láti kó kòròfo padà mọ́. Ó rọrùn fún ẹni tí ń mu ún, nítorí bí ó bá ti mu ún tán, ó lè jù ú láti ojú fèrèsé ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ta wá ni kò rọrùn fún? Ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ìgò náà bọ́ sí ni.

Àwọn àgbẹ̀ olùsin màlúù ní ìpínlẹ̀ Vermont wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ pariwo. Wọ́n ní ìgò tí àwọn èrò ọkọ̀ ń jù sínú pápá ń bá koríko ẹran lọ, ó sì ń pa màlúù lára. Ní 1953, àwọn aṣòfin Vermont ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta bíà nínú ìgò tí a kì í dá padà. Ọdún 4 péré ni òfin náà lò láyé. Nígbà tí ó di 1957, wọ́n jẹ́ kí ó kú.

Ẹ jẹ́ kí a fi Vermont sílẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, kí a kọjá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, sí ìpínlẹ̀ Oregon, ní etí òkun Pàsífíìkì. Àwọn ará Oregon fẹ́ràn etí òkun wọn púpọ̀. Ní 1967, nígbà tí Tom McCall jẹ́ gómìnà, wọ́n ṣe òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ gbogbo ará ìlú láti máa rìn lórí yanrìn etí òkun náà, kí ẹnìkan má baà fi ọgbà yí i ká kí ó ní tòun nìkan ni.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Chambers. Kì í ṣe olóṣèlú. Ẹ̀rọ tí a fi ń gé igi gẹdú tí a sì fi ń la pákó ni ó ń tà. Ó fẹ́ràn láti máa rìn ní etí òkun, agolo àti àfọ́kù ìgò tí ó sì ń rí níbẹ̀ ń bà á nínú jẹ́. Ní 1968, ó ka ìròyìn pé ní British Columbia, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n ń gbèrò àtifòfin de ìgò àmujùnù. Ó pe aṣòfin kan lórí tẹlifóònù, Paul Hanneman, ó ní kí ó gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ wá sí Oregon.

Hanneman gbé àbá náà síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní 1969. Àwọn tí ń ṣe agolo, àwọn tí ń ṣe ìgò, àti àwọn tí ń ta ohun mímu dìde sí i. Gómìnà McCall pàápàá kò ṣe alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún náà. Àbá náà ṣubú. Ṣùgbọ́n Chambers kò sinmi. Ó ń kọ lẹ́tà kiri, ó ń wá àlàyé jọ. Nígbà tí àbá náà tún padà wá ní 1971, gómìnà ti yí ọkàn padà, ó sì dúró tì í gbọn-in.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fetí sí ohun tí ìhà méjèèjì wí, nítorí ohun kan náà ni wọ́n ń wí títí di òní. Àwọn aṣòdì ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ agolo, pé ìgò ẹlẹ́gbin yóò kún ṣọ́ọ̀bù, pé ohun mímu yóò wọ́n. Wọ́n ní kí a kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwà mímọ́ ni ó dára jù. Àwọn tí ó fẹ́ òfin dáhùn pé ẹ̀kọ́ dára, ṣùgbọ́n ìgò tí owó wà lórí rẹ̀ kì í pẹ́ nínú koríko.

McCall fọwọ́ sí òfin náà ní 1971, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1972. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Sẹ́ńtì 5 ni owó ìdógò lórí agolo tàbí ìgò bíà àti mínírà. Ṣùgbọ́n ìgò tí ilé-iṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ lè fọ̀ kí wọ́n sì tún lò, sẹ́ńtì 2 ni wọ́n fi lé e, kí ó lè wu àwọn ènìyàn láti lò ó. Òfin náà tún ka agolo tí ìdérí rẹ̀ ń já kúrò léèwọ̀, nítorí irin pẹlẹbẹ náà a máa gé ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà. Àwọn oníṣòwò gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ní 1973, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ìjọba láre.

Kí òfin yìí tó dé, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìgò àti agolo ohun mímu tó 40 nínú 100 pàǹtí tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà Oregon. Nígbà tí ó fi di 1979, ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 6. Kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, sẹ́ńtì 5 ni. Bí olówó bá ju ìgò nù, ọmọdé tàbí aláìní tí ń kọjá lọ yóò ṣà á, nítorí owó ni ó rí nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nǹkan méjì yí padà, òfin sì dúró sójú kan. Èkíní ni owó. Ohun tí sẹ́ńtì 5 ń rà ní 1971, ó tó sẹ́ńtì 30 kí a tó lè rà á ní 2017. Owó tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ mú tẹ́lẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń mu. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin náà, bíà àti mínírà ni ó wà lójú wọn. Ní ìkẹyìn, omi inú ìgò ike gbòde. Ìgò ike mínírà àti ìgò ike omi lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú gọ́tà. Owó wà lórí ọ̀kan, kò sí lórí èkejì.

Ibí yìí ni iyàn tuntun ti bẹ̀rẹ̀: ṣé kí a fẹ òfin náà lójú ni, tàbí kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà? Oregon ní kí a fẹ̀ ẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2007 mú ìgò omi wọlé láti 2009. Ní 2011, wọ́n tún fi ọgbọ́n kan kún un: bí ìgò tí a ń dá padà bá kéré sí 80 nínú 100 fún ọdún 2 léra, owó ìdógò yóò di sẹ́ńtì 10. Ní 2014, nǹkan bí 68 ni ó padà. Ní 2015, nǹkan bí 64. Nítorí náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2017, owó náà di sẹ́ńtì 10. Ní 2018, wọ́n mú tíì, kọfí àti omi èso wọlé, wọ́n sì yọ wàrà àti ọtí líle sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di 2019, ìgò tí ń padà ti tún ju 80 lọ nínú 100.

Massachusetts kò gba ọ̀nà yẹn. Àwọn náà ṣe òfin ìgò tiwọn ní 1981, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gómìnà wọn kọ̀ ọ́, àwọn ará ìlú sì fi ìbò gbè é lẹ́yìn ní 1982. Ṣùgbọ́n ní 2014, nígbà tí a bi wọ́n bóyá kí a fi ìgò omi kún un, nǹkan bí 73 nínú 100 olùdìbò ní rárá. Àwọn oníṣòwò ti ná owó rẹpẹtẹ láti tako àbá náà, ó pọ̀ fíìfíì ju ti ìhà kejì lọ. Wọ́n ní lọ́rì ń wá kó ìgò lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn fún àtúnlò, kí ni a tún ń fi owó ìdógò ṣe? Ìhà kejì dáhùn pé omi tí a mu lójú ọ̀nà, ìgò rẹ̀ kì í dé ilé kí lọ́rì tó lè gbé e.

A kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn aṣòdì kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìnira oníṣọ́ọ̀bù tí kòròfo kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìdí nìyẹn tí Oregon fi dá ibùdó ìgbakòròfo sílẹ̀. Ìbéèrè mìíràn tún wà: ìgò tí ẹnikẹ́ni kò dá padà, ta ni ó ni owó rẹ̀? Ní Oregon, ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń pín ohun mímu. Ní Massachusetts, ìjọba ni ó ń gbà á. Ní Michigan, tí àwọn ará ìlú fi ìbò ṣe òfin tiwọn ní 1976, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ ti ìjọba, ìyókù sì jẹ́ ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ibi tí owó bá wà, ibẹ̀ ni iyàn ń wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí iyàn náà dá lé. Pàǹtí kì í ṣe aláìlẹ́rù; ẹnìkan ni yóò rù ú. Bí ẹni tí ó ṣe ìgò kò bá rù ú, tí ẹni tí ó mu ún kò rù ú, màlúù àgbẹ̀ ni yóò rù ú, tàbí ẹsẹ̀ ọmọ tí ń sáré létí òkun. Owó ìdógò ni ó ń dá ẹrù padà sí orí ẹni tí ó ni ín. Òfin tí kò bá sì bá ìgbà rìn, yóò di òfin orí ìwé lásán.

Bí òjò bá dá lọ́la, ẹ wo ojú àgbàrá ní àdúgbò yín. Ìgò mínírà tí a fi owó dógò fún ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ìgò ike ni ó kún un. Ènìyàn kan náà ni ó mu méjèèjì. Ẹ bi ara yín ohun tí ó fà á.