Olórí Tí Ó Kọ́kọ́ Gé Owó Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí mo bá sọ fún yín pé ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi géèmù ṣiṣẹ́ jẹun ni mo fẹ́ kọ sí ìhín, inú yín yóò dùn, ojú àwọn olùkọ́ yín yóò sì le díẹ̀. Ojú bàbá ọkùnrin náà pàápàá le.

Satoru Iwata ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1959 ní ìlú Sapporo, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Jàpáànù. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni iyì, tí ó ṣe olórí ìjọba ìlú Muroran. Nígbà tí ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1982, ó wọ ilé iṣẹ́ kékeré kan tí à ń pè ní HAL Laboratory, tí ń ṣe eré orí ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́fà ni bàbá rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀. N kò dá àgbàlagbà náà lẹ́bi. Òbí wo ni yóò jó nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ní eré ni òun yóò fi ṣe iṣẹ́?

Iwata mọ iṣẹ́ náà bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1993, HAL ti rì sínú gbèsè bílíọ̀nù kan àbọ̀ owó yen. Hiroshi Yamauchi, olórí ilé iṣẹ́ ńlá Nintendo, gbà láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ní Iwata ni kí wọ́n fi jẹ olórí. Ẹni ọdún 33 ni nígbà náà. Kí ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ ṣe? Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jókòó tì wọ́n, ó sì gbọ́ ohun tí ń bẹ nínú olúkúlùkù. Ó sọ èyí di àṣà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1999, wọ́n ti san gbèsè náà tán.

Nintendo ti wà ní ìlú Kyoto láti ọdún 1889, nígbà tí ó jẹ́ pé káàdì títa ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìdílé Yamauchi nìkan ni ó sì ti ń jẹ olórí rẹ̀. Ní ọdún 2002, Yamauchi fi ipò náà lé Iwata lọ́wọ́, ẹni tí kì í ṣe ọmọ, tí kì í ṣe àna. Ẹ̀rọ DS jáde ní ọdún 2004, Wii tẹ̀ lé e ní 2006, èyíkéyìí nínú wọn sì tà ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ.

Ṣùgbọ́n ìgbà kò lọ bí òréré. Ní ọdún 2011 ẹ̀rọ tuntun kan, 3DS, jáde ní 25,000 yen, ọjà kò sì yá. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, wọ́n gé 10,000 yen kúrò lórí rẹ̀. Iwata kò wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ó gé owó oṣù ara rẹ̀ sí ìdajì; ti àwọn ọ̀gá yòókù dín kù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò tó tirẹ̀. Wii U tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2012 tún kùnà, nítorí náà ní ọdún 2014 ó gé owó náà sí ìdajì lẹ́ẹ̀kejì, fún oṣù márùn-ún.

Ẹnìkan lè wí pé ìdajì owó ọlọ́rọ̀ kò lè fi ebi pa á. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ sì ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fọwọ́ sí àwọn ẹ̀rọ tí kò tà wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà tí wọ́n bi í léèrè ní ìpàdé àwọn tí wọ́n ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà nípa lílé òṣìṣẹ́ kúrò láti dín ìnáwó kù. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tí ń bẹ̀rù pé a lè lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kò lè ṣe ohun tí yóò wú àwọn ènìyàn lórí.

Ní ọdún 2014 kan náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó padà sí ẹnu iṣẹ́, ó sì kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2015 pé ẹ̀rọ tuntun kan ń bọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún náà, ẹni ọdún 55. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017 ẹ̀rọ náà jáde, wọ́n pè é ní Switch. Ó tà kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kọ̀ láti lé ni wọ́n ṣe é parí.