Bí ọ̀bẹ tàbí ọta ìbọn bá wọ ọrùn èèyàn: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà

Ẹni tó bá mọ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun á mọ̀ pé aládùúgbò tó fara kanra ni wọ́n. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Òrólú. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà náà le débi pé ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, Gómìnà Ademola Adeleke sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun.

Mi ò fẹ́ sọ ta ló ni ilẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá ẹni tí ọ̀bẹ, àdá tàbí ọta ìbọn bà lọ́rùn. Akọ̀ròyìn ni mí, mi ò kì í ṣe dókítà. Àmọ́ ohun tí mo kó jọ síbí lè gba ẹ̀mí là, kódà bó jẹ́ gíláàsì mọ́tò ló gé èèyàn lọ́rùn.

Kí ló wà nínú ọrùn?

Ibi tóóró ni ọrùn, ẹrù tó wà níbẹ̀ sì pọ̀. Iṣan ńlá tí wọ́n ń pè ní carotid wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì. Àwọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Jugular ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn. Ọ̀nà èémí, ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀pá ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀. Bíi lítà márùn-ún péré ni ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà. Bí carotid bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kí ẹ̀mí bọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tàn yín jẹ. Ọgbẹ́ lè kéré lókè kó jinlẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ohùn ẹni náà bá há, tó ń wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń hó jáde lójú ọgbẹ́, tí ọrùn ń wú sí i, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kú, wàhálà ti wà nínú lọ́hùn-ún.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe lójú ẹsẹ̀

1. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ibi tẹ́ ẹ wà ò léwu. Kí ẹnì kan pe 112, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹlòmíì wá mọ́tò.

2. Ẹ fi ibọ̀wọ́ tàbí nylon bọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ má máa ṣí i wò. Bí aṣọ bá rin, ẹ fi òmíràn lé e, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

3. Ibi ọgbẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ má fún gògóńgò, ẹ má sì tẹ ọ̀tún àti òsì pọ̀.

4. Bó bá ń mí dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, torí afẹ́fẹ́ lè gba inú iṣan tó já wọlé sọ́kàn. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún ẹnu rẹ̀ tí kò lè mí, ẹ jẹ́ kó jókòó kó tẹ̀ síwájú, tàbí kẹ́ ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.

5. Bí ọ̀bẹ bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má yọ ọ́ o. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló dí ojú iṣan. Ẹ fi aṣọ ká a kó má baà mì.

Ẹ má so okùn tàbí gèlè mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ má da epo, kẹrosíìnì, iyọ̀ tàbí ewé sí i. Ẹ má fún un ní omi mu. Bí mọ́tò bá wà, ẹ má gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, torí kò sẹ́ni táá ráyè tẹ ọgbẹ́ náà níbẹ̀.

Kí ni dókítà máa ṣe?

Èémí ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú. Wọ́n lè ki rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi àti ẹ̀jẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn dókítà ní South Africa ń lò gan-an: wọ́n á ki Foley, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀, sínú ọgbẹ́, wọ́n á fi omi fẹ bàlúù orí rẹ̀, ìyẹn á sì dí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú. Kò wọ́n, ó sì lè ra àkókò títí dé tíátà. Iṣẹ́ dókítà ni o, ẹ má dán an wò nílé.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú yàà tàbí tí ọrùn ń wú sí i, tíátà ló kàn. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ díẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT yẹ iṣan náà wò, pàápàá bí ọgbẹ́ bá wà nísàlẹ̀ nítòsí àyà tàbí lókè lábẹ́ agbárí, torí ibẹ̀ ṣòro fún ọ̀bẹ dókítà láti dé.

Wọ́n lè so jugular ẹ̀gbẹ́ kan pa kó má sì sí wàhálà púpọ̀. Carotid ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1552, Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, so carotid ọkùnrin kan tó fara gbọgbẹ́. Ọkùnrin náà yè, àmọ́ apá kan ara rẹ̀ rọ, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbìyànjú láti rán an lónìí, tàbí kí wọ́n fi iṣan tí wọ́n gé látẹsẹ̀ lẹ̀ ẹ́.

Òṣogbo, níbi tí ilé ìwòsàn UNIOSUN wà, ló sún mọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n jù. OAUTHC wà n'Ífẹ̀, LAUTECH wà nÍ Ògbómọ̀ṣọ́.

Òfin ńkọ́?

Ẹ mọ èyí sórí. Òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà sọ pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà á, yálà ó rí owó san tàbí kò rí, yálà ó ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní. Ilé ìwòsàn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ tàbí àdá ńkọ́? Òfin ìlera ọdún 2014 ò gba ilé ìwòsàn láyè láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni.

Ó lè pẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó yanjú, àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lọ́rùn rẹ̀ ò lè dúró dè é. Ìlú yòówù kó ti wá, ẹ tẹ ọgbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ.