Bí Ilé-Iṣẹ́ Fíìmù Bá Fẹ́ Ra Òkè

Lọ́dún 1978, ilé-iṣẹ́ 20th Century-Fox, tí owó fíìmù Star Wars ṣẹ̀ṣẹ̀ kún àpò rẹ̀, ra ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó eré síkì ní Aspen, ìlú kan láàárín àwọn òkè gàgàrà ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìròyìn yìí ní Yorùbá yóò rí i pé ẹnu fẹ́ sáré sọ pé Fox ra òkè Aspen. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n rà. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gun síkì níbẹ̀ jẹ́ ti White River, igbó ìjọba àpapọ̀, kò sì sí nínú ọjà náà.

Nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò sí nílẹ̀ wa, ibi tó jọ àjèjì jù ni gbogbo wa máa ń sáré lọ: òjò dídì, pákó tí wọ́n ń so mẹ́sẹ̀, àga tó ń rìn lórí okùn. Àwọn wọ̀nyí rọrùn ju bí a ti rò lọ. Ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló le, ibẹ̀ gan-an sì ni èdè wa ti ní ọrọ̀ tí a kì í ná.

Òjò dídì kò ní gbà wá lákòókò. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ṣáájú wọn, tí odindi ìwé náà sì jáde ní 1884, ti bá wa yanjú rẹ̀. Nínú Ìwé Jóòbù, wọ́n ya òjò dídì sọ́tọ̀ kúrò lára yìnyín. Nínú Orin Dáfídì 51, níbi tó jẹ́ pé fífunfun ni ọ̀rọ̀ dá lé, ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n lò, kí ẹni tí kò rí òjò dídì rí lè mọ bí nǹkan náà ti funfun tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Chicago ń pe gbogbo rẹ̀ ní yìnyín, a sì máa ń gbọ́ra wa yé. Orí òkè síkì ni àṣìpè náà ti di ewu. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tó gbẹ, tó sì fúyẹ́, ni àwọn agunsíkì ń wá kiri. Yìnyín, ìyẹn èyí tó ti yọ́ tó tún padà dì gbagidi, ni wọ́n ń sá fún, nítorí ẹsẹ̀ kì í rí ibi mú lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tí wọ́n fẹ́ omi àti atẹ́gùn pọ̀ sínú òtútù, mo pè é ní òjò dídì àfẹ̀rọṣe.

Síkì fúnra rẹ̀, mo fara mọ́ kí a yá a bẹ́ẹ̀, bí a ti yá bọ́ọ̀lù àti tẹníìsì. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ni kí a ṣọ́ra fún. Àwọn kan lè fẹ́ kọ ọ́ pé yíyọ̀ lórí òjò dídì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó yọ̀ kò mọ̀ọ́mọ̀. Ilẹ̀ ló tàn án. Gùn ni mo yàn. A ń gun ẹṣin, a ń gun kẹ̀kẹ́, ohun tí a bá sì ń gùn, àwa la ń darí rẹ̀. Pé a tún ń gun òkè kò da nǹkan rú: ẹni tí àga gbé gòkè yóò gun síkì sọ̀ kalẹ̀.

Ìtàn àga yẹn dùn mọ́ mi. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Union Pacific ṣí ibùdó síkì kan sí Sun Valley, ní ìpínlẹ̀ Idaho, kí èrò lè pọ̀ nínú ọkọ̀ wọn. James Curran, ẹnjiníà wọn, ti mọ̀ nípa ẹ̀rọ olókùn tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó rò ó pé ìkọ́ tó lè gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gbé èèyàn bí a bá fi àga rọ́pò rẹ̀. Bí àga agbénigòkè ṣe dé ayé nìyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi gbé sínú orúkọ náà, nítorí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló ń ṣe fún wa: ó gbé wa, àwa kò ṣe nǹkan kan.

Àwọ̀ dá mi dúró pẹ́ ju ìwọ̀nyí lọ. Àmì tí wọ́n ń rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lórí òkè síkì Amẹ́ríkà jẹ́ mẹ́ta pàtàkì: òbìrípo aláwọ̀ ewé fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, onígun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù fún ẹni tó ti mọ̀ díẹ̀, dáyámọ́ǹdì dúdú fún ọ̀gá. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọ̀ tí Yorùbá àtijọ́ fi ń pín ayé. Ewé tútù àti aṣọ aró, inú dúdú ni wọ́n ń bọ́ sí. Bí àgbàlagbà kan bá wo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ní dúdú ni gbogbo wọn, kò purọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ọ̀nà lè bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀gbun. Nítorí náà, ìrísí ni kí orúkọ dúró lé: ọ̀nà òbìrípo, ọ̀nà onígun mẹ́rin, ọ̀nà dáyámọ́ǹdì. Àwọ̀ lè tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Kí ni iṣẹ́ Fox, kí sì ni iṣẹ́ Aspen? Ìdánilárayá ni ti Fox, ìdárayá ni ti Aspen, ẹni tó bá ń kàwé lọ wéré lè má rí ìyàtọ̀ wọn. Nínú ìdárayá, èmi ni mo ń mú ara mi yá. Nínú ìdánilárayá, ẹlòmíràn ló ń mú ara mi yá, mo jókòó kí ó ṣe é fún mi, mo sì san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ti sọ ohun tó lè dé bá òkè kan nígbà tí oníṣẹ́ ìdánilárayá bá gbà á.

Ẹ wo Walt Disney. Kì í ṣe àjèjì sí òjò dídì: ó fi owó rẹ̀ sí ibùdó Sugar Bowl ní California, tó ṣí ní 1939, wọ́n sì sọ òkè kan níbẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Nígbà tí Ìdíje Òlíḿpíìkì Ìgbà Òtútù wáyé ní Squaw Valley ní 1960, òun ló darí ayẹyẹ ìṣíde àti ìparí, tó sọ ọ́ di ohun ìwòran. Nígbà tó ń gbèrò ibùdó síkì tirẹ̀ ní àfonífojì Mineral King, ní California kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń ya àwòrán béárì ẹlẹ́rọ tí yóò máa kọrin fún àlejò níbẹ̀. Florida ni béárì wọ̀nyẹn ti kọrin nígbẹ̀yìn, ní 1971. Síkì lè wà láìsí béárì tó ń kọrin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Disney kò lè wà láìsí wọn. Mo wá ń pe ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé ní ibùdó ìgbafẹ́, nítorí ìgbafẹ́ gba ẹni tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí síkì, ó sì gba ẹni tó kàn wá jókòó sídìí iná.

Ìròyìn irú òwò báyìí máa ń ti gba ìgboro kan kí òwò náà tó ṣẹ. Kí a kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ kan ra ibùdó kan kò burú, àmọ́ òǹkàwé kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọjà wa mọ̀ ọ́n pín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wo ọjà kò tíì ná an, ẹni tó ń ná an kò tíì rà á, ẹni tó ti san àsansílẹ̀ kò sì tíì gbé e lọ sílé. Kí oníròyìn kọ ọ́ pé wọ́n ń wò ó nígbà tí kò tíì ju àhesọ lọ, pé wọ́n ń ná an nígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ owó, kí ó sì pa rà mọ́ di ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé.

Síbẹ̀, kí ni wọ́n ń ná? Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òkè síkì wà nínú igbó ìjọba àpapọ̀ tí Àjọ Aṣọ́gbó ń bójú tó. Ilé-iṣẹ́ síkì ló ni àga, ó ni ẹ̀rọ, ó ni orúkọ. Ìwé àṣẹ ìlò ló fi wà lórí ilẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1986 gbà kí ìwé àṣẹ náà tó ogójì ọdún. Lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ náà ń san owó fún ìjọba, láti 1996 sì ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ láti inú iye tó ń wọlé fún un. Bí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́ náà, ìwé àṣẹ kì í bá ọjà lọ. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ lọ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Àjọ Aṣọ́gbó.

Ìṣákọ́lẹ̀ ni owó yẹn. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń mú ìpín nínú ohun tó kórè lọ fún un lọ́dọọdún, láti fi hàn pé òun kò gbàgbé ẹni tó ni ín. Ó lè lo ilẹ̀ náà títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dàgbà, kò lè tà á, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ipò rẹ̀ ní láti lọ fojú kan onílẹ̀. Kò sí èyí tí kò bá ti àwọn òkè Amẹ́ríkà mu níbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá wa ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1984 àti Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, kò dé orí òwò òkè, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀nà hàn wá: wọ́n yá fáwẹ̀lì, wọ́n sì fa àrànmọ́ yọ láti ara ràn mọ́, tó ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Síkì jọ fáwẹ̀lì. Ìṣákọ́lẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ ká fa nǹkan kan yọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ mọ̀ pé ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n bá ara wọn jà lé lórí, ẹlòmíràn sì lè sọ pé kí a kúkú kọ owó ìwé àṣẹ, kí ara lè rọ gbogbo wa. N kò gbà. Owó ìwé àṣẹ ń jẹ́ kí onílẹ̀ pòórá nínú gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ fíìmù ń ná yìí ní ọ̀kẹ́ àìmọye onílẹ̀, ìyẹn gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà.

Mineral King fi èyí hàn. Ní 1965, Àjọ Aṣọ́gbó pe àwọn oníṣòwò kí wọ́n wá du àfonífojì náà, Disney ló sì borí. Walt kú ní 1966, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Ètò tí Àjọ fọwọ́ sí ní Oṣù Kìn-ín-ní 1969 jẹ́ ti mílíọ̀nù 35 dọ́là: ilé ìtura, ilé oúnjẹ àti odò ìlúwẹ̀ẹ́, lórí 80 éékà, fún àlejò 14,000 lójúmọ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọgbọ̀n ọdún. Sierra Club, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó, pẹjọ́ lọ́dún yẹn. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1972, adájọ́ mẹ́rin nínú méje dá wọn lẹ́bi lórí ìbéèrè kan tí Yorùbá ń béèrè lójoojúmọ́: báwo lọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn yín? Ẹgbẹ́ náà kò fi hàn pé ohun tí Disney fẹ́ kọ́ yóò pa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lára. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ni mo fi ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ òfin yìí, n kò sì rí èyí tó ṣe rẹ́gí jù ú lọ. Adájọ́ William O. Douglas kò gbà pẹ̀lú wọn. Ó ní àfonífojì, odò àti igi fúnra wọn lè jẹ́ olùpẹjọ́. Yorùbá kò ní fún ọ̀rọ̀ lọ́rùn láti sọ ìyẹn, nítorí ẹni tọ́rọ̀ kàn àti ohun tọ́rọ̀ kàn, lẹ́tà díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Ẹgbẹ́ náà tún ìwé ìpẹ̀jọ́ kọ, ọdún ń gorí ọdún, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sì fi Mineral King kún Ọgbà Orílẹ̀-Èdè Sequoia. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ ìtàn náà ní Yorùbá, kí ó má ṣe kọ ọ́ pé Disney pàdánù òkè rẹ̀. Níná ni Disney ná an, ọgbọ̀n ọdún ìṣákọ́lẹ̀ ló fẹ́ gbà, onílẹ̀ ló sì padà sọ pé òun kò fún un mọ́.