Bí Orin Olóhùn Mẹ́rin Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Kí ìwé orin tó dé ilẹ̀ Rẹ́mọ ni orin ti wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ilé a máa kọrin bí wọ́n bá ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, ẹgbẹ́ a máa kọrin lójúde ọba, ọdún ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní orin tirẹ̀. Ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é. Tọmọdé tàgbà ló mọ ègbè, a kì í sì í sanwó fún ẹnikẹ́ni kó tó gbè. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn tó ń pìtàn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òyìnbó, bí ẹni pé ṣe ni àwọn baba wa panu mọ́ títí dùùrù fi dé. Ìwé àti pípín ohùn sí mẹ́rin ni ìjọ mú wá. Ẹgbẹ́ àti ègbè, wọ́n ti wà nílẹ̀.

Àpapọ̀ ni ìlú Ṣàgámù fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1872, nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá kò jẹ́ kí ìlú kéékèèké fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro, Ọ̀fin, Mákùn, Ẹ̀pẹ́, Ìjàgbà, Sónyìndó àti àwọn yòókù, 13 lápapọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń kà wọ́n, kó jọ sí ojú kan kí apá wọn lè ká ọ̀tá. Kò sí èyí tó sọ orúkọ rẹ̀ nù. Àkárìgbò, ọba Ọ̀fin, ni olórí gbogbo Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n Ewùsì ṣì wà ní Mákùn, ìlú kọ̀ọ̀kan sì pa oyè àti ojúbọ tirẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti jókòó sáàárín akọrin rí, tó gbọ́ bí béèsì ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀ nísàlẹ̀, tí tẹ́nọ̀ ń gba tirẹ̀ lókè rẹ̀, tí orin náà sì jẹ́ ọ̀kan, yóò mọ ìdí tí irú orin bẹ́ẹ̀ fi bá ọmọ Rẹ́mọ lára mu.

Ọ̀nà kò tètè ṣí fún ìjọ. Ìjẹ̀bú, tí Rẹ́mọ jẹ́ apá kan rẹ̀, kò gbà kí ajíyìnrere ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀ títí ogun Ìmàgbọn láàárín Ìjẹ̀bú àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi jà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Ní 1894, Àkárìgbò Oyèbàjò bá Gómìnà Carter ti Èkó ṣe àdéhùn, Rẹ́mọ sì bọ́ sábẹ́ ààbò ìjọba Èkó. Láti ìgbà náà ni ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ti ń hù káàkiri Ṣàgámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́, Òde Rẹ́mọ, Ìsarà àti àwọn ìlú tó kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ yìí, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó ti ṣòwò dé Èkó ló gbé wọn wálé. Bíbélì Yorùbá ti pé odindi láti ọdún 1884, ìwé orin náà sì ti wà. Ní Èkó, kọ́nsáàtì ti di nǹkan tí ènìyàn ń múra lọ wò láti àwọn ọdún 1870. Oníṣòwò tó ti gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí ìjọ ìlú òun máa kọ ohùn kan ṣoṣo.

Àmọ́ ta ni yóò kọ́ wọn? Olùkọ́ ni. Ọkùnrin kan náà ló ń kọ́ ọmọ ní ABD láàárọ̀, tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Sunday, tó tún ń tẹ dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Irú wọn ló ń jáde láti St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, tó ti wà níbẹ̀ láti 1896, àti Wesley College ní Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1905. Sol-fa ni irinṣẹ́ wọn. John Curwen ló tan ọ̀nà kíkọ orin yìí káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí òṣìṣẹ́ àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Sunday lè kọrin láìsí pé wọ́n mọ ìlà márùn-ún àwọn onípiánò. Lẹ́tà lásán ni: d, r, m, f, s, l, t, pẹ̀lú ààmì kólọ̀nù tó ń pín ìlù, àti fàlà kékeré lókè tàbí nísàlẹ̀ lẹ́tà tó ń sọ bóyá ohùn gòkè tàbí ó sọ̀kalẹ̀. Kò bèèrè ìwé àtẹ̀jáde olówó gọbọi. Ẹni tó bá ní ẹfun àti pátákó dúdú ti ní ohun tí yóò fi kọ́ 30 ènìyàn ní orin tuntun. Lójú tèmi, bí kò bá sí sol-fa, orin olóhùn mẹ́rin ì bá má kúrò ní ìjọ ńláńlá Èkó.

Ohun kan wà tó ń yọ akọrin Yorùbá lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀. Orin òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, wọ́n kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá ti ń sọ̀kalẹ̀, ohùn orin a gòkè. Ibi tí ó yẹ kó gòkè, orin a rọ̀. Akọrin á máa pe ohun tí kò ní lọ́kàn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ orin ìjọ sí ohùn ilẹ̀ wa, ó sì lọ gba àwọn orin náà sílẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá olórin ní Kàtídírà Krístì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì fi hàn pé ó yẹ kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, Àlùfáà A. T. Ọlá Olúdé ṣe iṣẹ́ kan náà. Ilẹ̀ Rẹ́mọ gba iṣẹ́ wọn tọwọ́tẹsẹ̀, orúkọ méjì tí akọrin sì ń pe irú orin wọn ni orin ìbílẹ̀ àti "nétífù ẹ́à" (native air).

Ìlú Rẹ́mọ kan tún wà tó ti inú ara rẹ̀ yí orin ìjọ padà, Ògèrè ni. Níbẹ̀ ni Josiah Olúnówó Ọ̀ṣítẹ́lù, tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran ní 1925, ti dá Ìjọ Olúwa Aládúrà sílẹ̀ ní 1930. Lọ́dọ̀ wọn, àtẹ́wọ́, ijó àti ìlù wọ inú ìsìn láìtọrọ gáfárà. Láti 1937 ni wọ́n sì ti ń ṣe ayẹyẹ Òkè Tábórà ní Ògèrè ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, tí èrò fi ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn akọrin Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì kò kọ́kọ́ ka èyí sí orin. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìlù tó wọ ẹnu ọ̀nà àwọn ìjọ àgbà wọ̀nyẹn. Nígbà tó sì wọ̀ ọ́, ọ̀nà tí Ògèrè là sílẹ̀ ló gbà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí wà. Akọrin ìjọ ní Rẹ́mọ kì í gbowó. Ẹni tó ń ta obì ní ọjà Ṣàgámù, télọ̀, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, dírẹ́bà, ọmọ ilé ìwé gíga: gbogbo wọn ló ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn wá sí rìhásà nírọ̀lẹ́. Dípò kí ẹgbẹ́ sanwó fún wọn, àwọn ló ń dáwó fún ẹgbẹ́. Wọ́n ń dá owó oṣù, wọ́n ń ra aṣọ akọrin, wọ́n sì ń san owó ìtanràn bí wọ́n bá pẹ́ dé. Wọ́n ní alága, akọ̀wé àti akápò. Nígbà àtijọ́ ọmọkùnrin kékeré ni wọ́n fi ń kọ ohùn òkè, àgbà ọkùnrin ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin wọlé ni sopránò àti áátò tó kún bá a ti mọ̀ wọ́n lónìí, kò sì sí ìjọ tí kò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Rìhásà ni mo kà sí ọkàn ẹgbẹ́, ju ìsìn Sunday lọ. Ìjọ ló ni Sunday, àmọ́ àwọn akọrin ló ni rìhásà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà. Ọ̀gá akọrin á gba ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: béèsì á kọ tirẹ̀ títí yóò fi dúró, tẹ́nọ̀ á kọ tirẹ̀, àwọn yòókù á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí yóò fi jágbe mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló tó ní kí wọ́n kó o pọ̀. Ẹni tó bá ti wà níbẹ̀ nígbà tí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́kọ́ bára mu lórí orin tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò tún sí ohun tó lè mú un fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ikú ni àyè tí ẹgbẹ́ ti ń fi ara rẹ̀ hàn jù. Bí akọrin kan bá kú, tàbí òbí akọrin, ẹgbẹ́ á lọ sí àìsùn, wọ́n á tún wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn akọrin ìjọ mìíràn á dara pọ̀ mọ́ wọn. Bí ìgbéyàwó bá dé, bákan náà ni. Èyí ló jẹ́ kí akọrin Ìkẹ́nnẹ́ mọ ti Ìlíṣàn, kí ti Ìpẹru mọ ti Ṣàgámù, láìka ìjọ tí kálukú ń lọ sí. Béèsì kò fìgbà kan pọ̀ jù. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó fẹ́ kọ orin tí òyìnbó kan, Stainer, kọ lórí ìjìyà Olúwa ní ọ̀sẹ̀ mímọ́ á yá béèsì lọ́wọ́ Áńgílíkà, òun náà á sì yá wọn padà nígbà ìkórè tàbí nígbà ìsìn ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ọdún Kérésì. Àwọn ọmọ Rẹ́mọ tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Èkó a sì máa kó ìwé orin tuntun bọ̀ wálé nígbà ọdún, pàápàá láti ìgbà tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti gba ẹ̀gbẹ́ Ṣàgámù kọjá ní 1978.

Ilé ẹ̀kọ́ ni oko tí ẹgbẹ́ ti ń kórè akọrin. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìwé kíkà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà náà á kọ́ sol-fa mọ́ ọn. Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Olùkọ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n lè gbé lọ síbikíbi, kò sì sí ohun tó so ó mọ́ dùùrù ìjọ mọ́. Ọgbẹ́ tó dé bá orin níbẹ̀ ṣì wà lára wa. Ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Tai Ṣólàrín dá sílẹ̀ ní 1956 ti ya ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìsìn láti ọjọ́ kìíní, nítorí náà ìjọ kò ka ibẹ̀ sí orísun akọrin. Ti Ìlíṣàn yàtọ̀: ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ Adventist ṣí níbẹ̀ ní 1959, tó di Yunifásítì Babcock ní 1999, máa ń kó ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin jọ láti ibi gbogbo. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń sìn, ọjọ́ Sunday wọn sì ṣófo fún ẹni tó bá fẹ́ lọ ran ìjọ mìíràn lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Kìrìstẹ́nì nìkan ló ń kọrin ní ẹgbẹ́ ní Rẹ́mọ. Àwọn ìyá ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù ní ẹgbẹ́ àsàlátù tiwọn, wákà wọn sì ní lílé àti ègbè bíi ti àwọn baba ńlá wa. Mélòó ni akọrin tí ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ oníwákà!

Ní 1984 wọ́n dá dáyósíìsì Rẹ́mọ sílẹ̀, ìjọ St. Paul ní Ṣàgámù sì di kàtídírà. Láti ìgbà náà ni akọrin Áńgílíkà káàkiri Rẹ́mọ ti ní ojúkò kan. Bí ìjọ púpọ̀ bá kó jọ síbẹ̀ fún orin àpapọ̀, ọgọ́rùn-ún ohùn tí kò gbé àdúgbò kan náà ń mí pọ̀, wọ́n sì ń dákẹ́ pọ̀.

Ìyàtọ̀ ti wà báyìí. Kíbọ́ọ̀dù ti gba ipò dùùrù níbi púpọ̀, àwọn ìjọ kan sì ń gba olórin tí wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀dọ́ ń fi etí kọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp. Mi ò rí ohun tó burú nínú WhatsApp. Nígbà tí wọ́n ti ìjọ pa ní 2020 nítorí kòrónà, òun ló so ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ pọ̀. Ohun tó ń ká mi lára ni ẹni tó lè kọrin tí kò lè ka sol-fa. Bí ẹni tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i bá kó kúrò nílùú, orin rẹ̀ tán nìyẹn.

Orin tí àwọn ọ̀gá akọrin Rẹ́mọ fọwọ́ ara wọn kọ, fún ìkórè, fún ayẹyẹ ọba, fún ìsìnkú àgbà, inú ìwé ọmọ ilé ìwé ni púpọ̀ nínú wọn wà, nínú àpótí àwọn ọmọ wọn tí kò mọ ohun tí lẹ́tà wọ̀nyẹn jẹ́. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹbí àwọn ọ̀gá akọrin tó ti lọ. Kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ kedere, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ orin, ìlú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sára rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ lè dé. Ẹni tó bá lè ka sol-fa, kó kọ ọ́ síta, kó sì gbé e lọ sí rìhásà tó ń bọ̀.